Obìnrin Tó Pa Prodyut

Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń ya eré ní Tollygunge, nílùú Kolkata, ni Bidisha ti kọ́kọ́ bá Prodyut sọ̀rọ̀. Prodyut ń mu tíì, ìbọn onírọ́bà sì wà ní ìbàdí rẹ̀.

Nínú apá kìíní eré ọ̀daràn wọn, ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá jàǹdùkú ni Prodyut ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bidisha ni wọ́n wá ní kó kọ apá kejì. Ó fẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ ohun tó ń dun ọ̀gá yẹn lọ́kàn, kí wọ́n sì mọ àwọn tó yí i ká.

"Kí ló máa ń bà yín lẹ́rù?" ó bi Prodyut.

"Màmá mi."

Bidisha rẹ́rìn-ín títí. Prodyut fẹ́ràn ẹ̀rín náà lójú ẹsẹ̀.

Oṣù méjì ni wọ́n fi ń pàdé, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára. Prodyut ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un, títí kan pé ológbò aládùúgbò lòun ń yọ́ gbé ẹja tí màmá òun ń sè fún.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọmọ ẹ̀yìn yẹn gbé ẹja màmá rẹ̀ fún ológbò lójú gbogbo Kolkata. Màmá Prodyut pa tẹlifíṣàn.

"Ọmọbìnrin yẹn ò ní wọ ilé mi."

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Bidisha gbé ìwé eré tó kẹ́yìn wá bá Prodyut.

"Prodyut, ọ̀gá ẹ máa yìnbọn pa ẹ́."

"Nígbà tí mo dákẹ́, n ò kú. Ìgbà tí mo wá ń sọ̀rọ̀ ni màá kú?"

"Àwọn èèyàn ti fẹ́ràn ẹ, ó máa dùn wọ́n. Ọ̀gá náà máa sunkún lé ẹ lórí. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa mọ̀ pé èèyàn ni."

"Torí ẹ̀ lo ṣe ń bi mí ní gbogbo ìbéèrè yẹn?"

Bidisha tẹrí ba. "Iṣẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Olólùfẹ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Prodyut gan-an, kò sì pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ya eré ikú náà, ó kú dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ikú náà hàn, màmá rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Prodyut jókòó sí tó ń jẹ ẹ̀pà. Bidisha kan ilẹ̀kùn, ó wá tọrọ àforíjì.

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo pa ọmọ mi?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kò níṣẹ́ mọ́ báyìí. Ta lo fẹ́ kó fẹ́ ẹ?"

Màmá nàka sí Bidisha.

"Ìwọ ni. Ohun tó o bà jẹ́, gbé e lọ sílé ẹ."

Prodyut gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo gbà."

"Ṣé òkú máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Oṣù Phalgun, nígbà tí òdòdó ń tanná ní Kolkata, ni wọ́n ṣègbéyàwó. Bidisha ló sunkún jù lọ lọ́jọ́ náà, màmá Prodyut sì ń fi etí aṣọ sárì rẹ̀ nu ojú fún un.