Ẹ Má Bi Mí Pé Ọmọ Mélòó

Ẹ má bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mi ò ní dáhùn, ẹni tó bá sì fẹ́ bínú, kó bínú.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé ní Òkè-Fìà, àwa mélòó kan tá a jọ ń ka ìwé ìtàn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù: ìtàn ẹbí rẹpẹtẹ kan, ikú àti ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Bàbá wọn ra pósí, ó sùn sínú ẹ̀ láti wò ó bóyá ó gba òun, ló bá gbabẹ̀ kú. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Àmọ́ àwọn ọmọ bàbá náà pọ̀ jù. Iṣẹ́ fáìlì ni mò ń ṣe ní sẹkitéríátì, mi ò lè fara da ohun tí kò létò. Mo mú báírò, mo to orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé mi, mo fi nọ́ńbà sí i. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

"Ìyá Fáìzàh, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," Màmá Àpìkẹ́, àgbà inú wa, rọra sọ fún mi.

"Ọmọ inú ìwé ni, Màmá." Ẹnu mi náà nìyẹn.

Ní Sátidé kejì, a wá Wúrà tì. Òun ni ọmọ kẹsàn-án, èyí tó tu adìẹ ìsìnkú bàbá rẹ̀ títí ìyẹ́ fi kún irun rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti pòórá nínú ìwé gbogbo wa. Lẹ́yìn ìwé mi, nọ́ńbà kẹsàn-án wà níbẹ̀, iwájú rẹ̀ ṣófo.

Ìgbà yẹn la rí ìyá arúgbó kan lórí àga ẹ̀yìn. Kàmál, ọ̀kan nínú wa, rò pé èmi ni mo mú un wá, èmi náà rò pé òun ni. Ó ń rùn bí ìwé tí òjò pa.

"Ta ló ka àwọn ọmọ mi?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tọrọ omi lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ó dáa. Èmi náà á ka tìẹ." Ó na ìka kan. "Fáìzàh..."

"Rárá, Màmá." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo pa gbogbo nọ́ńbà yẹn rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Wúrà padà síbi tó ti ṣófo nínú ìwé náà, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, títí ọwọ́ mi fi kú. "Mi ò ní dìde níbí títí ọmọ yín á fi rílé."

Ó ká ìka rẹ̀ kò. "Ó ti rílé," ló wí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́nì kankan lórí àga náà. Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó.

Àwọn ọmọ mi ń ṣeré ní pálọ̀. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ìyẹ́ adìẹ wà nínú irun rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí àwọn yòókù ṣe kúnlẹ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu àfi èmi.

Fáìzàh ti ń lọ sí kíṣìnnì. "Màámi, abọ́ mélòó ni kí n kó wá?"

"Má kà á," ni mo wí. "Ṣáà kó gbogbo ẹ̀ wá."