Ṣàrìbátì Ọmọ Tó Gba Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Láti ìgbà tí Ráwíyà ti ń rákòrò ni gbogbo abúlé wa létí odò Náílì ti ń pè é ní Dókítà. Èmi àbúrò bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. "Dókítà, wá jẹun." "Dókítà, gbálẹ̀." A ti fi oyè lé ọmọ lórí kó tó mọ̀wé kà.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò àṣejáde dé, mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Ta ló ń fi ìyẹn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Àwọn aládùúgbò ń pín ṣàrìbátì, omi pupa aládùn tí a fi ń yọ̀. Àwa ti ilẹ̀kùn wa pa. Mítíwálì, ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ, ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Ọmọ náà gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Ráwíyà kó àwọn ìbòrí rẹ̀ tó dára jù fún Sánìyà, ọmọ mi. Ó yọ yẹtí wúrà rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ ní ojú burúkú aráyé ló bà á, ó ń fín tùràrí láti lé e. Ó jọ ìdágbére lójú mi. Mo sáré lọ bá Inṣiráà, nọ́ọ̀sì abúlé wa.

"Ẹ bi í ní tààrà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Tí mo bá wá fi sí i lọ́kàn ńkọ́?"

"Ìbéèrè kì í fi í síni lọ́kàn. Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ló léwu."

A jọ padà sílé. Mo jókòó tì í. "Ráwíyà, ṣé o ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?"

Ó bú sẹ́kún. "Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí. Mi ò fẹ́ dójú tì yín mọ́."

Mítíwálì fò dìde. "Pa ẹnu ẹ dé! Tí aráyé bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ àbúrò rẹ?"

"Ẹni tí ò bá fẹ́ ẹ, kó máa lọ! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bínú bó ṣe wù yín. Irọ́ lẹ pa lọ́jọ́sí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín á lọ, a ó tún rẹ́rìn-ín. Ta ló ti ikú bọ̀?"

Omi bọ́ lójú Mítíwálì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí a kó ohun eléwu kúrò nílé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé òògùn kòkòrò oko lọ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pé kí wọ́n tì í mọ́lé.

Ọ̀sán gangan la mú Ráwíyà lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ nílùú. Ojú ọjà la gbà, a ò gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a padà délé, mo se ṣàrìbátì, mo sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Aládùúgbò kan yọjú. "Ìyá Sánìyà, ṣé wọ́n tún máàkì kà ni?"

"Rárá o. Mọ́kànlélọ́gọ́ta náà ni. Ráwíyà wà láàyè. Ẹ mu!"

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń pín ẹrù rẹ̀, tó ń dágbére, tí kò sùn, tí kò jẹun, ẹ má fi tùràrí bò ó. Ẹ bi í. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó ohun eléwu kúrò nítòsí, ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, pe ẹnì kan báyìí, má dá a gbé. Máàkì kọ́ ni ẹ̀mí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi wá ṣẹ̀sín, kó wọlé wá. Ṣàrìbátì ṣì kù.