Ó Buwọ́ Lu Iṣẹ́ Tí Kò Ṣe

Bí o bá bi àwọn aládùúgbò Pyo Manho léèrè irú ẹni tó jẹ́, wọn á ní èèyàn dáadáa ni. Kì í jalè, kì í na ìyàwó rẹ̀, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ṣe mẹkáníìkì bàálù ní pápá ọkọ̀ òfurufú kan nítòsí ìlú Busan. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Etí mi nìkan tó," ló máa ń wí. "Kí n ṣáà ti gbọ́ bí nǹkan ṣe ń dún, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é."

Tak Yongju ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wọṣẹ́. Onígbàgbọ́ ni Yongju, díákónì ni nínú ìjọ kékeré kan lẹ́yìn ọjà ẹja, Manho a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Busan bá fẹ́ ṣeré, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, á ní, "Díákónì, bá wa bá Ọlọ́run rẹ sọ̀rọ̀ lónìí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jọ pé Ó sùn lọ."

Yongju á rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í gbàdúrà bọ́ọ̀lù. Ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù karùn-ún, wọ́n ní kí Manho yẹ ẹsẹ̀ bàálù kékeré kan wò, ìyẹn irin ńlá tí táyà so mọ́. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Èèyàn gbọ́dọ̀ nu irin náà mọ́, kó fi ọ̀dà pupa kan kùn ún, kó dúró, kó nù ún kúrò, kó wá tanná wò ó díẹ̀díẹ̀. Bí irin bá sán, bó tilẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, ọ̀dà yẹn ló máa fi hàn. Wákàtí méjì gbáko ni.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù. Bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àbọ̀, Manho sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì sápò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí irin náà lókè, ó tàn án sí i nísàlẹ̀. Ó fi ìka kàn án gbọngbọn, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti fi ọ̀dà yẹ̀ ẹ́ wò, pé irin náà dára, ó sì buwọ́ lù ú.

Yongju ń kọjá lọ. "Ṣé o ti fi ọ̀dà wò ó?"

"Mo ti wò ó."

"Ó mà yá o."

"Ọwọ́ tèmi kì í ṣe bíi tìẹ. Jẹ́ n máa lọ jàre, mi ò fẹ́ lọ tò sẹ́yìn gbogbo èrò."

Ẹgbẹ́ Busan borí lọ́jọ́ náà. Manho jẹ adìẹ díndín, ó mu bíà, ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, bàálù náà gbéra láti Busan lọ sí erékùṣù Jeju pẹ̀lú èrò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kò ju èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ òsì kán. Ó fi ikùn wọ́lẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì lọ forí sọ òkìtì kan. Èèyàn mẹ́tàdínlógún fara pa. Egungun itan ọ̀gá awakọ̀, Ha Inseop, fọ́ sí mẹ́ta. Ìyá àgbà kan, Bu Chunja, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsíbítù. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ ni ìyá náà ń ṣe, ó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ ṣa ìgbín òkun láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ojú ló lọ tọ́jú ní Busan.

Manho ń jẹun lọ́wọ́ nílé oúnjẹ ibi iṣẹ́ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé e. Ó rí nọ́ńbà tó wà nídìí bàálù náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ Jeju ni," ni ẹnì kan wí.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Manho náà wí.

Àwọn olùwádìí dé. Wọ́n pe Manho, ó ní òun yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pe Yongju, Yongju ní òun bi Manho léèrè, Manho sì ní òun ti wò ó; ó ní ẹni tó ṣeé gbára lé ni Manho. Nígbà tí wọ́n wo irin tó kán, wọ́n rí i pé ó ti sán kó tó kán. Ṣùgbọ́n ìwé Manho wà níbẹ̀, ó ní irin náà dára ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n wá rò ó pé láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ẹnì kan ti gbé bàálù náà balẹ̀ gbì, kò sì sọ. Ha Inseop ló sì wà á jù.

Ha ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò rẹ̀ jáde. Wọ́n gba ìwé àṣẹ awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan lọ fi ọ̀dà kọ "apànìyàn" sí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Manho rí gbogbo rẹ̀, ó sì panu mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tó ń wá ìròyìn jàǹbá bàálù kiri. Bí bàálù bá já nílẹ̀ òkèèrè, á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ní ẹyẹ ló wọ inú ẹ́ńjìnnì, ara á tù ú díẹ̀. Bí wọ́n bá ní bátìrì èrò kan ló gbiná, á ní, "Ẹ ò rí i? Ta ló lè mọ irú ìyẹn?" Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹnì kan ló yẹ kó wo nǹkan tí kò wò ó, á yára pa tẹlifíṣọ̀n.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí soju ní ọ̀sán gangan. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. "Bàbá Eunjo," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ sọ fún mi bóyá obìnrin ni. Ó tiẹ̀ sàn kó jẹ́ obìnrin." Bí Manho bá di ojú, ìyá kan ló ń rí, tó ń wọ inú omi lọ tí kì í jáde mọ́.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, ilé iṣẹ́ ní kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ bàálù wò. Ó dúró níwájú wọn, ó gbé ìgò ọ̀dà pupa lọ́wọ́, ó sì ń ṣàlàyé. Obìnrin kan lára wọn nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí àyè ò bá sí ńkọ́? Ṣé èèyàn ò kàn lè fojú wò ó lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Manho gbé ìgò náà kalẹ̀. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó sì forí ti ògiri.

Yongju bá a níbẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Mi ò wò ó, Yongju."

"O ò wo kí ni?"

"Ẹsẹ̀ bàálù yẹn. Mi ò fi ọ̀dà kàn án rárá. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ wò."

Yongju jókòó sórí kọnkéré. "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà."

"O bi mí."

"Mo dúró níwájú àwọn olùwádìí, mo ní o ṣeé gbára lé."

"Mo mọ̀."

Manho yíjú sí i. "Sọ pé Ọlọ́run yóò dárí jì mí. Ṣebí ohun tó o máa ń sọ nìyẹn."

"Mi ò ní sọ ọ́ bí ẹni ń fúnni ní oògùn orí fífọ́. Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ báyìí?"

"Ha Inseop."

"Ṣé ó gbà láti rù ú?"

"Ńṣe ni mo dì í rù ú."

"Ẹnì kan wà tó gbà láti rù ú," ni Yongju wí. "Jésù mọ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó mọ bọ́ọ̀lù, ó mọ irọ́ tó o pa fún mi, síbẹ̀ ó gbà kí wọ́n kan òun mọ́ igi nítorí rẹ. Kò ṣẹ̀ rárá. Ìwọ lo ṣẹ̀, èmi náà sì ṣẹ̀. Ẹkún rẹ ò lè jí ìyá yẹn, Manho. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Jésù lè wẹ̀ ọ́. Àmọ́ o ò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ náà pa mọ́ sẹ́yìn, kó o sì ní kí Ó wẹ̀ ọ́ mọ́."

"Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ó ṣeé ṣe."

"Eunjo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Màá bá ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùwádìí."

Manho kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tútù náà. Kò gbàdúrà rí láyé rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe Ha. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Èmi ni. Ṣàánú mi." Ó ń tún un wí títí ẹkún fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti Yongju lọ bá àwọn olùwádìí, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó lọ sílé Ha Inseop. Ha fi ọ̀pá rìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Manho dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun tó bá wá.

Ha ò pariwo. "Oṣù méje," ni ó wí. "Lójoojúmọ́ ni mò ń tún bàálù yẹn gbé balẹ̀ nínú orí mi. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi gbà pé èmi ni mo pa ìyá yẹn."

"Ẹ má gbà á mọ́, sà. Èmi ni."

"Dìde. Máa lọ. Mi ò lè wo ojú rẹ lónìí."

Manho lọ sí Jeju, sílé ọmọbìnrin Bu Chunja. Obìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Manho tẹrí ba lórí ìdúró níwájú ilẹ̀kùn títì náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà.

Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un. Wọ́n dá ìwé àṣẹ Ha padà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó tún wa bàálù mọ́. Nígbà ìrúwé, Ha wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kó tó lọ, ó bi í bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ.

Ó dá Manho lójú pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Oorun ti padà sí ojú rẹ̀. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, ó ń dárúkọ Bu Chunja níwájú Olúwa, kò sì fẹ́ kí ọjọ́ kan wà tí òun yóò gbàgbé orúkọ náà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o ò fọwọ́ kan bàálù rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó o ṣe, tí ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀. O mọ̀ ọ́n. Bó o ṣe ń kàwé yìí bọ̀, òun ló ń wá sí ọ lọ́kàn. Àwọn ará àdúgbò ń pè ọ́ ní èèyàn dáadáa, wọn ò rí inú rẹ. Ọlọ́run rí i, kò sì tíì lé ọ dànù.

Má ṣe ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tó wọ bàálù lọ sílé ò mọ̀ pé òun ò ní délé. Jésù Kristi ti ru ẹ̀bi náà, ó sì ń pè ọ́. Fi ìwé yìí sílẹ̀ báyìí, kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o sọ ọ́ fún Un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Bó o bá dìde, lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀. Ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Lọ síbẹ̀ náà.