Ọ̀dà Tuntun Lára Irin Àtijọ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fura ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà títì, ó sì tún padà wá fà á lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ìyàwó rẹ̀ kígbe láti inú ilé. "Bàbá wa, èmi ṣì wà nínú ilé o! Àbí èmi ni ẹ ń tì mọ́lé?"

"Páńsá kò fura, páńsá já sí iná, àjà kò fura, àjà jìn," ni ó fi dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀sì ni ó fi ń gbé àwọn ọmọdé mẹ́rìnlá lọ sí ilé-ìwé, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà, èyíinì ni odindi ara irin tí píṣítìnì ń sáré nínú rẹ̀, ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ilé-ìwé yóò sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àlòkù ni ó ń lọ rà, kí wọ́n lè fi tún ẹ́ńjìnnì náà tò.

Ní ọgbà òǹtà àlòkù kan, búlọ́ọ̀kù kan wà tí a kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n," ni òǹtà náà wí, "bí mo ṣe rí yín yìí, ẹ kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè rẹ́ jẹ. Nọ́ńbà ara rẹ̀ rèé, ìwé rẹ̀ rèé. Ẹ fi ojú ara yín kà á."

Bàbá Fura fi itọ́ sí àtàńpàkò, ó nu nọ́ńbà náà, ó sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi bá ti inú ìwé mu. Inú rẹ̀ dùn.

"Ta ni yóò tò ó fún yín?"

"Mẹkáníìkì mi ń bọ̀ lọ́nà."

Òǹtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "N kò fẹ́ ba oníṣẹ́ lórúkọ jẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, yóò ní kí a fọ ọ̀dà yìí kúrò. Lẹ́yìn náà, yóò ní irin ti sán. Kí ẹ wá bi í léèrè ibi tí a ti lè rí òmíràn rà. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Fura lára bí omi ṣe ń wọ iyanrìn.

Kò pẹ́ tí mẹkáníìkì fi dé, ó gbé àpò kékeré kọ́ èjìká. Ó kí wọn, ó yí irin náà ká, ó sì fajú ro. "Ta ni ó kun àlòkù ní ọ̀dà, kí ni ó sì fi ń bò mọ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fọ̀ ọ́."

Orí Bàbá Fura wú. Òǹtà wú ikọ́, ó sì gbójú sókè bí ẹni tí ń ka ẹyẹ.

"Nítorí kí ni?" ni Bàbá Fura béèrè.

"Bàbá, ìhòòhò ni a ń wo irin tí a fẹ́ tún tò. Bí ó bá mọ́ tí ó sì gbẹ, n ó fi kẹrosíìnì pa á, n ó nù ún, n ó sì fi ẹfun kùn ún. Bí ó bá sán níbikíbi, kẹrosíìnì tí ó sá pamọ́ sínú rẹ̀ yóò yọ ìlà sára ẹfun. N ó fi irin òòfà kàn án káàkiri, nítorí òòfà kì í di gọ́ọ̀mù tí àwọn kan fi ń dí ibi tí irin ti sán mú. N ó fi èékánná wo bóyá inú ihò píṣítìnì ti jẹ, n ó sì gbé rúlà irin lé ojú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ti wọ́. Wákàtí méjì péré ni."

"Bí ó bá wá sán ńkọ́? Níbo ni a ó ti rí òmíràn?"

"Ojúlùmọ̀ mi kan wà lẹ́yìn afárá..."

"Mo mọ̀!" Bàbá Fura pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ò ń lọ! Ìwọ àti ojúlùmọ̀ rẹ, ẹ ó pín èmi jẹ bí àkàrà!"

Mẹkáníìkì na ìka sí búlọ́ọ̀kù náà. "Bàbá, irin ni mo ní kí ẹ fura sí, ẹ sì ń fura sí mi. Ó dára. Ṣùgbọ́n n kò ní tò ó láìfọ̀ ọ́." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Fura ra búlọ́ọ̀kù náà, mẹkáníìkì òǹtà ni ó sì tò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Fura fi jókòó tì í, tí ó ń ka nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà jí ẹyọ kan.

Ilé-ìwé wọlé ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ọmọ rẹ̀ na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Bàbá mi, kí ni ń rùn bí ìkòkò tí ó jóná?"

"Jókòó jẹ́ẹ́."

Abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná ti dé òpin. Bàbá Fura wò ó, ó sì pòṣé. "Irọ́ ni abẹ́rẹ́ yìí ń pa." Àní, abẹ́rẹ́ pàápàá ni ó fura sí!

Ní àárín òkè, èéfín funfun bo iwájú, ẹ́ńjìnnì sì kú. Agbára ẹ́ńjìnnì ni ó ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Bí ó ti kú, bíréèkì le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ ń ké, ó sì lọ fi ìdí sọ ògiri. Ọmọ mẹ́tàlá jáde pẹ̀lú ẹkún nìkan. Ẹni kẹrìnlá, ọmọ rẹ̀, gbé apá òsì dání pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Egungun ti ṣẹ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ni ó wá tú ẹ́ńjìnnì náà níwájú àwọn òbí. Ó fi òòfà kan irin: ó mú. Ó sún un: ó mú. Ó sún un lẹ́ẹ̀kẹta, òòfà já bọ́ sílẹ̀. Ó fi irin ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, gọ́ọ̀mù tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì yọjú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibi tí ó sán wà, láti ọ̀nà omi wọ inú ihò píṣítìnì.

Bàbá Fura sáré lọ sí ọgbà òǹtà. Ọgbà ti ṣófo. Àbààwọ́n ọ̀dà aláwọ̀ eérú nìkan ni ó kù nílẹ̀.

"Gbogbo ènìyàn ni mo fura sí," ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń di apá ọmọ náà.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. "Àfi ẹni tí ó kọ́ yín ní ẹni tí ẹ ó fura sí."

Ó kan ilẹ̀kùn mẹ́tàlá ní ọ̀sẹ̀ náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dárí jì í. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún fi ọmọ lé e lọ́wọ́ mọ́. Ilé-ìwé gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìfura dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni a fi ń parí rẹ̀. Ìwé lè bá nọ́ńbà mu kí irin sì ti sán. Ẹ má ra búlọ́ọ̀kù tí a kùn ní ọ̀dà láìfọ̀ ọ́, láìfi òòfà, kẹrosíìnì àti ẹfun dán an wò lójú yín. Bí òǹtà bá ní kò sí àyè, ẹ yí ẹ̀yìn padà. Irin tí ara rẹ̀ dá kì í sá fún omi.