Ọmọ Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lórí Pátákó Ìfẹ̀hónúhàn

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí àwọn òbí ti kún iwájú ilé ìwé, pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́ kálukú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ aránṣọ àdúgbò níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni aránṣọ, ìyá rẹ̀, kò ti sùn dáadáa. Bọ́ǹpù ni àwọn òbí ń fẹ́ lójú títì, kí ọkọ̀ lè máa rọra.

Ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà-ò-wọ́ ló ya pátákó wọn, òun náà ló máa ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù fún gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ya ọmọ iléèwé tó ń rẹ́rìn-ín, ó fi òdòdó yí i ká, ó kọ “Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Ro Tàwọn Ọmọ Wa,” ó sì kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

Ọkọ̀ ń sáré kọjá. Awakọ̀ kan tilẹ̀ juwọ́ sí wọn. Ni obìnrin kan bá dúró, fóònù létí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ṣì ń gba ọmọ tuntun síléèwé yín? Mo ń pe nọ́ńbà yín, ẹ ò gbé e.”

Fóònù ń dún lápò Lẹ́tà-ò-wọ́. Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn, àfi aránṣọ. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá ìyàwó Lẹ́tà-ò-wọ́, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìntì, mi orí.

“Àna mi, iṣẹ́ ẹ dára, àmọ́ ìpolówó lo ṣe. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ò ráyè sọ ọ́ di odidi. Àwòrán ló kọ́kọ́ ń rí. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òdòdó yọ: á ní kò séwu.”

“Kí la wá fẹ́ yà, bàbá?”

Bàbá kọjú sí aránṣọ. “Ìwọ ọmọ mi, kí lo rí lọ́jọ́ náà?”

“Báàgì ọmọ mi, lábẹ́ táyà.”

Lẹ́tà-ò-wọ́ yí pátákó padà. Ó ya táyà dúdú ńlá, ó ya báàgì pupa kékeré sábẹ́ rẹ̀, ó kọ: Ẹ ṢE BỌ́ǸPÙ SÍBÍ.

“Nọ́ńbà mi ńkọ́, sà?”

“Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn awakọ̀ ń tẹ bíréèkì. Ọ̀gá ìjọba tó ń mójú tó títì náà dúró, ó tẹjú mọ́ pátákó.

“Ọmọ yẹn ńkọ́?”

“Ó yè, sà,” ni aránṣọ dáhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dúró de èyí tí ò ní yè.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bọ́ǹpù ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀tọ́ wa ni láti fi ìrọ̀wọ́rọsẹ̀ sọ ohun tó ń dùn wá. Ẹ jẹ́ kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ yín sọ ohun kan náà. Kí ẹ tó gbé pátákó jáde, ẹ fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, kí ó wò ó fìrí. Bí kò bá lè sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ tún un yà.