Ilẹ̀ Rírọ̀ ní Fìdítì

Inú ihò ni Kíkẹ́lọmọ ti kọ́kọ́ rí Amos, lọ́dún 1964. Tíṣà ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì ni Kíkẹ́lọmọ. Amos, ọmọ Ilora, ló ń yẹ ilẹ̀ wò fáwọn tó ń kọ́ ilé gogoro n'Ìbàdàn. Bàbá Kíkẹ́lọmọ, Ezekiel oníkòkó, ló ránṣẹ́ pè é, torí ó fẹ́ kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ rí ní ìlú náà.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Kíkẹ́lọmọ bi í láti etí ihò.

"Ibi tó le ni. Mi ò tíì rí i." Amos gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan míì."

Oṣù mẹ́ta ló fi gbẹ́ ihò kiri. Kó tó parí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, ìyá rẹ̀ ní Ilora sì ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ó wá jábọ̀ fún Ezekiel. "Bàbá, amọ̀ rírọ̀ ni, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Alájà mẹ́rin yóò rì, àfi ká ri òpó kọnkéré wọlẹ̀ títí kan àpáta. Àpáta ọ̀hún sì jìn."

"Ilẹ̀ tí a sin bàbá mi sí lò ń bú? Bó o bá fẹ́ ọmọ mi, fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ dára!"

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ fún Amos. "Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i."

"Ààyò mi, ilé tí ìyá rẹ yóò máa sùn sí ni. Mi ò lè ṣe é."

Ezekiel lé e. Ẹlòmíràn fọwọ́ sí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, tí wọ́n ti kọ́ ọ dé àjà kẹta, ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà rì, ó sì wó lọ́sàn-án gangan. Olúkúnlé, ẹ̀gbọ́n Kíkẹ́lọmọ, tó ń bójú tó àwọn bíríkìlà, ló kú sábẹ́ rẹ̀.

Amos wá kẹ́dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n Ezekiel kọjú sí ògiri. Ìyá Kíkẹ́lọmọ ló fèsì: "Ọmọ mi, o ò ṣẹ̀ wá. Àmọ́ bí mo bá ti rí ọ, Olúkúnlé ni mò ń rí lábẹ́ bíríkì."

Kíkẹ́lọmọ sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò.

"Èmi náà bẹ̀ ọ́ pé kó o parọ́," ló wí. "Ojú rẹ kò ní jẹ́ kí n gbàgbé."

"Kíkẹ́, mo ti dárí jì ọ́."

"Èmi kò tíì dárí ji ara mi."

Amos dì í lọ́wọ́ mú títí awakọ̀ fi pariwo. Lẹ́yìn náà ó wọ mọ́tò, mọ́tò sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ.

Kíkẹ́lọmọ padà sílé. Àwọn abánikẹ́dùn ṣì ń dé, wọ́n sì ní kó lọ pọn omi wá.