Yáàdì Mẹ́fà

"Àǹtí, ẹ bá mi gé e jàre! Ó kàn ń yọ̀ bọ́ nídìí mi ṣáá ni."

Doyinsọ́lá ló ń sọ̀rọ̀ báyìí fún Àǹtí Kùdírátù, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ nílé wọn ní ìlú Spring lókè òkun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tójú kì í tì! Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe àfihàn aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ti pinnu láti múra bí òṣèré àtijọ́ kan láti gúúsù Íńdíà, tí òun àti Hafsah ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wò nínú fíìmù. Sárì ṣẹ́dà tí etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù, tìróò lójú, òdòdó funfun nínú irun dídì. Obìnrin náà á kàn wọlé, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà Hafsah ló yá a ní sárì náà.

Àǹtí Kùdírátù wọn aṣọ náà. "Yáàdì mẹ́fà gééré! Ìró, bùbá, ìpèlé, gbogbo rẹ̀ á jáde. Àmọ́ ṣé wọ́n fún ẹ ni, àbí wọ́n yá ẹ?"

Doyinsọ́lá rò ó. Bó bá sọ òótọ́, àǹtí ò ní gé e.

"Wọ́n fún mi ni, mà."

Ni àǹtí bá gé e, ó di ìró àti bùbá.

Lọ́jọ́ kejì, Hafsah sọ fún un ní kíláàsì pé, "Màmá àgbà ní kó o rọra o. Sárì ìgbéyàwó wọn ni. A kì í gé e, a kì í rán an. Bó ṣe gùn yẹn la ṣe ń wé e mọ́ra."

Yéè! Aṣọ tí Doyinsọ́lá rò pé wọn ò tíì rán, àṣé ó ti parí tipẹ́! Tìmí, ọmọ kíláàsì wọn tó jókòó tì í, tó mọ̀ pé wọ́n ti gé e, rọra sọ fún un pé kó parọ́ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló fà á ya. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àmọ́ irọ́ ló kó o sí wàhálà yìí, ṣé irọ́ náà ló tún máa yọ ọ́?

Nígbà tí wọ́n jáde nílé ìwé, ó gbé aṣọ náà lọ bá Màmá àgbà nílé Hafsah, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gé e. Mo parọ́ fún àǹtí mi pé ẹ fún mi ni. Wọn ò mọ nǹkan kan."

Màmá àgbà gbé aṣọ náà lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ó dun Doyinsọ́lá wọra.

"Ó dùn mí gan-an," ni wọ́n wí. "Wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí o sì sọ fún gbogbo èèyàn ohun tó o fi aṣọ náà ṣe."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Doyinsọ́lá wọ ìró àti bùbá náà jáde, pẹ̀lú tìróò àti òdòdó. Ariwo ta! Ó gba makirofóònù, ó gbórí sókè.

"Ẹ dákẹ́ ná. Aṣọ ìgbéyàwó Màmá tó jókòó síwájú yẹn ni. Wọ́n yá mi, mo parọ́, mo sì gé e. Ẹ má fọwọ́ kan ohun olóhun láì béèrè. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ fẹnu ara yín jẹ́wọ́."

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Màmá àgbà dìde, wọ́n lọ bá a, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wá sílé lọ́la," ni wọ́n wí. "Màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wé sárì."